Aago Ọwọ́ Àtijọ́ Tó Ti Kú: Ká Fọ̀ Ọ́ Ni, Ká Pààrọ̀ Inú Rẹ̀ Ni, Àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Aago tí bàbá fi sílẹ̀, èyí tí ìyá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, èyí tí wọ́n fi dá ẹ̀gbọ́n lọ́lá lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́: kò sẹ́ni tó ń tún irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe torí kó lè mọ iye tí aago lù. Fóònù ti gba ìyẹn ṣe. À ń tún un ṣe torí pé ọwọ́ ẹni tí a fẹ́ràn ló wà rí. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n máa gbà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: kí ni mi ò fẹ́ kó kúrò lára aago yìí? Ẹlòmíì á ní orúkọ tí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹlòmíì á ní ojú aago náà ni, bó ṣe ṣá tó sì pọ́n yẹn gan-an. Ẹlòmíì, ìró rẹ̀ ló ń rántí, torí ó máa ń gbé e sétí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìdáhùn yín ló máa tọ́ka sí ọ̀nà tó yẹ kí ẹ gbà, torí kò sí àtúnṣe tí kì í mú nǹkan kan lọ bó ṣe ń dá òmíràn padà.

Irú aago wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni aago onísípírìǹgì. Ẹ ó yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sípírìǹgì inú rẹ̀ á ká, bó bá sì ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ti àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní irin wúwo kan tó ń yí bí apá ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń jù, irin yìí ló ń ká sípírìǹgì fúnra rẹ̀. Automatic ni wọ́n sábà máa ń kọ sójú irú wọn. Èkejì ni aago oníbátìrì tí wọ́n ń pè ní quartz. Iná bátìrì ló ń mú kí ègé òkúta quartz kan gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Gbígbọ̀n yẹn ni ẹ̀rọ inú aago ń kà tó fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó ti ọwọ́ aago síwájú.

Bí aago náà bá ṣì ń rìn díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ quartz, ẹ ó rí i tó ń fò, tó ń dúró, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti onísípírìǹgì máa ń yọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí pé ìgbésẹ̀ 5, 6 tàbí 8 ló máa ń gbé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá ti kú pátápátá, ẹ rọra yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ láìfà á jáde. Bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tí ẹ sì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó ń le sí i, onísípírìǹgì ni. Bí ẹ bá mì í tí nǹkan kan sì ń yí nínú rẹ̀, Automatic ni.

Ọjọ́ orí aago náà á tún ràn yín lọ́wọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ilé iṣẹ́ Seiko gbé aago Astron jáde ní Japan, òun sì ni aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ tí wọ́n tà. Aago tó bá ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn kò lè jẹ́ quartz. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá rí aago Accutron, tí ilé iṣẹ́ Bulova bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1960: bátìrì ló ń lò, síbẹ̀ kì í ṣe quartz. Irin ẹlẹ́nu méjì kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà 360 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń kùn bí ẹ bá gbé e sétí. Bátìrì mercury oní-1.35 volt ni wọ́n ṣe é fún. Irú èyí tó wà lóde báyìí jẹ́ 1.55, iná yẹn sì lè pọ̀ jù fún un bí wọn ò bá tún un tò. Ẹni tó mọ Accutron dáadáa nìkan ni kí ẹ gbé e fún.

Bó bá jẹ́ quartz: bátìrì tuntun àbí ẹ́ńjìnnì tuntun?

Bátìrì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbìyànjú, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n oríṣi bátìrì méjì ló máa ń wà tí wọ́n jọ tóbi bákan náà. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SR jẹ́ silver oxide, iná rẹ̀ dúró lójú kan títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LR jẹ́ alkaline, owó rẹ̀ kéré, àmọ́ iná rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń lò ó, ó sì tètè máa ń jò. SR626SW, tí àwọn kan ń kọ ní 377, àti LR626 á wọ inú ihò kan náà láìsí wàhálà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pààrọ̀ bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà fi máa ń fi èyí tó pọ́ọ́kú sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi SR sí i, kí ẹ sì wo ara bátìrì náà kí wọ́n tó dé e pa.

Bí bátìrì bá ti kú sínú aago láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó ti jò. Ẹ ó rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó gan mọ́ ibi tí irin ti ń kan bátìrì. Bó bá mọ síbẹ̀, wọ́n lè nù ún kúrò, aago á sì jí. Bó bá ti dé ara wáyà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wáyà tí wọ́n wé sínú aago quartz tín-ín-rín ju irun orí lọ, kẹ́míkà bátìrì lè jẹ ẹ́ já, ẹnu skúrùdíráfà tó bá yẹ̀ sì lè gé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ quartz tí àwọn ènìyàn sọ pé ó kú fúnra rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì ló ti kú. Bí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá wá ń fò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, kò tíì bàjẹ́ o. Ọ̀pọ̀ aago quartz ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè sọ fún yín pé bátìrì ti fẹ́ tán.

Bí wáyà bá ti já, pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ẹ̀rọ inú aago, lódindi ni mo fara mọ́. Àwọn kan gbà pé aago kì í ṣe ti bàbá mọ́ bí wọ́n bá ti yọ inú rẹ̀. Fún quartz, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú aago, ọwọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó máa kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sínú ọ̀rá kékeré kan kí wọ́n dá a padà fún yín.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi dandan lé: kí ẹ́ńjìnnì tuntun náà jẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi rọ́pò rẹ̀. Ara irin ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà yẹn sí, bí Miyota 2035. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ihò ọwọ́ aago lè má bára mu, fèrèsé tí ọjọ́ ti ń hàn lè má ṣe déédéé, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lè ga jù tàbí kó lọ sílẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń gé ẹsẹ̀ tín-tìn-tín tó wà lẹ́yìn ojú aago kúrò, tí wọ́n á wá fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti gé ṣòroó dá padà.

Bó bá jẹ́ onísípírìǹgì: fífọ̀ pátápátá, òróró fẹ́ẹ́rẹ́, àbí ẹ́ńjìnnì mìíràn?

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Wọ́n ti yí i jù ni, ìdí nìyẹn tó fi kú." Kò rí bẹ́ẹ̀. Aago tí sípírìǹgì rẹ̀ kún dẹ́nu tí kò sì rìn, agbára wà nínú rẹ̀, ọ̀nà ni agbára náà kò rí gbà. Òróró tí wọ́n ta sí i lọ́jọ́un ti gbẹ, ó ti le koránkorán bí oje igi, ó sì ti di àwọn kẹ̀kẹ́ mú. Ọ̀pọ̀ aago àtijọ́ tó dúró, ohun tó ń ṣe é kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa fi lọ̀ yín. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n kán òróró díẹ̀ sí i tàbí kí wọ́n fọ́n nǹkan sí i, kí wọ́n sì dé e padà. Ẹ ò ní dúró pẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, aago náà á sì jí lójú yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ sá fún un. Òróró tuntun á pò pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí àtijọ́, á di nǹkan tó ń gé irin jẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ aago á tún dúró, lọ́tẹ̀ yìí ẹnu ọ̀pá àwọn kẹ̀kẹ́ ti jẹ, kò sì sí òróró tó lè dá irin tó ti jẹ padà.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n tú u palẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, tó lè lé ní 100 nínú aago tó díjú, ni wọ́n á tú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fọ̀ nínú kẹ́míkà, tí wọ́n á fi awò wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Òróró kan kọ́ ni wọ́n á sì ta sí gbogbo rẹ̀: èyí tó ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà fún kẹ̀kẹ́ tó ń yára, èyí tó ki wà fún ibi tí agbára ti ń tẹ irin mọ́ irin, gíríìsì sì wà fún sípírìǹgì àti ibi tí a ti ń yí i. Àwọn òkúta pupa kéékèèké tí ẹ̀ ń rí nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ "17 Jewels" sójú aago, ni ẹnu ọ̀pá àwọn kẹ̀kẹ́ ń yí nínú wọn. Ẹ̀kán òróró tó yẹ ibẹ̀ kéré débi pé orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Bó bá pọ̀ jù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, á ṣàn lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Iṣẹ́ yìí gba àkókò, owó rẹ̀ sì lè ju iye tí aago náà fúnra rẹ̀ ń tà lọ́jà lọ. Bó bá jẹ́ aago tí ọkàn yín wà lára rẹ̀, òun ni mo máa yàn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣe é? Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ́ ìró aago tó sì ń fi nọ́ńbà hàn, timegrapher ni wọ́n ń pè é. Ó máa sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí aago fi ń yára tàbí fi ń falẹ̀ lóòjọ́. Ó tún máa sọ bí kẹ̀kẹ́ tó ń fì síwá-sẹ́yìn ṣe ń fì jìnnà tó, ní dígírì. Bí wọ́n bá fi aago dùbúlẹ̀ tí sípírìǹgì rẹ̀ sì kún, 270 sí 300 dára gan-an. Fún aago tó ti darúgbó, 250 kò burú. Bó bá wà nísàlẹ̀ 200, ìdọ̀tí ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí kí nǹkan kan ti jẹ. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á fi nọ́ńbà yẹn hàn yín tìdùnnú-tìdùnnú.

Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló ń pa aago o. Bí kì í bá ṣe Automatic, tí ẹ sì ń yí i títí tí kò le rárá, sípírìǹgì ńlá rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti já. Ìyẹn rọrùn, wọ́n á fi tuntun sí i, irin tí wọ́n fi ń ṣe ti òde òní kì í sì í já bí irin aláwọ̀ búlúù àtijọ́. Bí ẹ bá mì í tó rìn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tó tún dúró, pàápàá bó bá ti já bọ́ rí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ tó ń fì yẹn ti kán. Ẹnu ọ̀pá yẹn kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1934 ni wọ́n ti ń fi sípírìǹgì Incabloc gba ipá ìṣubú mọ́ ọn lára, àmọ́ aago tí kò ní i kò kọ̀ láti kán bó bá bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí aago bá ń sáré jù ńkọ́, tó ń fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ṣáájú lóòjọ́? Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá òòfà ti mú un. Sípírìǹgì tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra bí òòfà bá ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rọ kékeré kan ń yọ òòfà náà kúrò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni tú aago yín fún ìyẹn.

Ní ti pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti quartz. Bí ipẹtà bá ti jẹ inú rẹ̀ bàjẹ́, tó sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ bí ETA 2824-2 tàbí Seiko 7S26, wọ́n lè fi òmíràn tó jẹ́ nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀, a ò sì rí ibi tí wọ́n ṣe sí. Èyí tó sàn ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n wá òkú aago mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì kan náà, kí wọ́n yọ ẹ̀yà kan tàbí méjì tí aago yín nílò lára rẹ̀, kí èyí tó pọ̀ jù nínú ti yín ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ láé ni kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì onísípírìǹgì kí wọ́n fi quartz sí i torí kó lè rọrùn. Ìró tí ẹ mọ̀ á lọ, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yọ́ lọ á lọ, yíyí tí bàbá máa ń yí i láàárọ̀ á lọ. Kí ló wá kù?

Ojú aago àti ara rẹ̀: ẹ má kánjú

Dígí ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣe láìbẹ̀rù. Ti ọ̀pọ̀ aago àtijọ́ jẹ́ irú pílásítíìkì kan, ọṣẹ ìfọyín á mú ìlà ara rẹ̀ kúrò, bó bá sì là, a máa pààrọ̀ rẹ̀ láìsí ohun tó ṣe aago. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n má pọ́n ọn. Gbogbo pípọ́n ló ń há irin kúrò, orúkọ tí wọ́n fín sẹ́yìn aago sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń parẹ́. Bó bá jẹ́ wúrà ni wọ́n fi bò ó, 10 tàbí 20 microns lè ni gbogbo wúrà náà, ìyẹn ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ ìpọ́n lè gbé e lọ. Kíkun ojú aago lọ́dà tuntun tún burú jù, torí ẹni tí ẹ ń rántí kò wo ojú tuntun yẹn rí.

Ọ̀ràn kan wà tí kì í ṣe ti ẹwà. Bí nọ́ńbà tàbí ọwọ́ aago bá ní ọ̀dà tó máa ń tàn lókùnkùn, tí aago náà sì ti wà ṣáájú àwọn ọdún 1960 tàbí láàárín wọn, ọ̀dà náà lè jẹ́ radium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán tó lè pani jáde. Ìdajì agbára radium kì í tán àfi lẹ́yìn nǹkan bí 1,600 ọdún. Pé kò tàn mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti kú: ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ti gbó, radium wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀dà yìí kun ojú aago ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1920, tí wọ́n ń fi ètè ṣẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ló fi ẹ̀mí wọn kọ́ ayé. Ẹ má ṣí irú aago bẹ́ẹ̀ fúnra yín, ẹ má ha nǹkan kan kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún oníṣẹ́ kó tó ṣí i. Bí lẹ́tà T bá wà nísàlẹ̀ ojú aago, tritium ni, èròjà mìíràn tó ń tú ìtànṣán, agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún 12, ti àwọn ọdún 1970 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ta ni kí ẹ gbé e fún?

| | Ilé iṣẹ́ tó ṣe é | Atún-aago-ṣe tó dá dúró | Ẹ̀yin fúnra yín |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀yà | Ojúlówó, bí wọ́n bá ṣì ní in | Ó lè wá a láti ara òkú aago | Bátìrì, okùn aago |
| Ìdúró | Ó lè pẹ́ gan-an | Ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ | Ojú ẹsẹ̀ |
| Ewu | Wọ́n lè pààrọ̀ ojú àti ọwọ́ aago | Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba | Ìfàya, wáyà jíjá |
| Ó dára fún | Aago olówó ńlá | Ọ̀pọ̀ aago ìrántí | Quartz tó ṣì ń rìn |

Patek Philippe, ilé iṣẹ́ aago kan ní Switzerland, ní òun máa ń tọ́jú gbogbo aago tí òun ti ṣe láti ọdún 1839. Ilé iṣẹ́ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn mìíràn kì í gba èyí tó bá ti pẹ́ jù, àwọn kan sì máa ń sọ aago di tuntun láìbéèrè. Bí ẹ bá gbé e fún wọn, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pọ́n ọn, ẹ sì fẹ́ kí wọ́n dá gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ padà. Lójú tèmi, atún-aago-ṣe tí ẹ lè jókòó tì ló yẹ ọ̀pọ̀ aago ìrántí, torí ẹ lè sọ ìtàn aago náà fún un. Ẹ bi í bóyá ó máa tú u palẹ̀. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà timegrapher hàn yín. Ẹ bi í léèrè ohun tí kò ní fọwọ́ kàn. Bó bá ní òun kì í ṣe aago tí kò ní òkúta pupa nínú, kì í ṣe ìgbéraga. Wọn kò ṣe ọ̀pọ̀ irú wọn kí ẹnikẹ́ni lè tú wọn, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ sí i ni kí ẹ wá kàn. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti nọ́ńbà rẹ̀.

Bí ẹ bá pinnu pé kó dúró bẹ́ẹ̀

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Aago tí ipẹtà ti jẹ débi pé ẹ̀yà mẹ́ta péré ló máa kù nínú ti àtijọ́, mo lè gbà kó sinmi. Bó bá jẹ́ quartz, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ lónìí. Bó bá jẹ́ onísípírìǹgì, ẹ fi í síbi gbígbẹ tó jìnnà sí spíkà, torí òòfà ńlá wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe máa yí i lóòrèkóòrè torí pé ẹ fẹ́ kó "ṣeré": bí òróró rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ kàn ń fi irin ha irin ni.

Lẹ́yìn tó bá ti jí

Aago onísípírìǹgì tó ti darúgbó tó ń fi 20 tàbí 30 ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀ lóòjọ́, ara rẹ̀ le. Ẹ yí i láàárọ̀, ní nǹkan bí àkókò kan náà, títí yóò fi kọ̀, ẹ má sì fipá mú un kọjá ibẹ̀; àmọ́ Automatic kì í kọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró dè é. Bó bá ní ọjọ́, ẹ má yí ọjọ́ náà láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru, torí eyín kẹ̀kẹ́ tó ń pààrọ̀ ọjọ́ ti wọnú ara wọn lákòókò yẹn, ó sì lè kán. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, ohun yòówù kí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ nípa omi, àfi bí oníṣẹ́ bá pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ tó sì fi ẹ̀rọ dán an wò. Ẹ wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ máa kọ iye tó fi ń yẹ̀ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ń ṣe ségesège, tó yára lónìí tó falẹ̀ lọ́la, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é nígbà tí àdéhùn yín ṣì wà, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí dání.